Àádọ́ta Lára Mẹ́ta, Mẹ́fà, Mẹ́fà àti Mẹ́sàn-án

Bàbá wa kì í dá ẹjọ́. Nígbà tí èmi àti àbúrò mi wà ní kékeré, bí àwa méjèèjì bá jọ fẹ́ ohun kan náà, ì báà ṣe ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ì báà ṣe ẹni tí yóò kọ́kọ́ wẹ̀, kò ní ní kí ẹ̀gbọ́n mú un, kò sì ní ní kí àbúrò mú un. Yóò dìde nídìí iṣẹ́ rẹ̀, yóò ṣa nọ́ńbà mẹ́rin nínú àwọn tó ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò gbé wọn kọ́ sára ìṣó tó wà lára ògiri, yóò wá fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà kan sábẹ́ wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé ti abẹ́ yẹn ló ni ohun tí à ń jà lé lórí.

Nọ́ńbà ni iṣẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà ilé ló ń gé láti ara irin pẹlẹbẹ, tí yóò fi fáìlì ha etí wọn, tí yóò kùn wọ́n ní ọ̀dà dúdú. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, gbogbo aṣọ wa ló sì máa ń rùn fún ọ̀dà lọ sí ilé ìwé. Òfin eré náà kò le. A gbọ́dọ̀ lo gbogbo nọ́ńbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré. A lè rò wọ́n pọ̀, a lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, a lè sọ wọ́n di ìlọ́po. Pípín nìkan ni a kì í ṣe. "Bó bá jẹ́ ohun tó ṣeé pín ni," ni Bàbá máa ń wí, "ṣé ẹ̀ bá máa jà lé e lórí?" Òun nìkan ló lè sọ pé ìdáhùn pé tàbí kò pé. Bó bá sì sú wa tí a ò rí i, òun fúnra rẹ̀ yóò fi èyí tó pé hàn wá, torí kì í gbé nọ́ńbà kọ́ láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ yanjú rẹ̀ nínú orí ara rẹ̀.

Èmi ni mo sábà máa ń borí. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo ilé ń pè mí, wọ́n sì ti ń pè mí bẹ́ẹ̀ kí n tó kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán rárá, torí pé ẹnu mi mú. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe àbúrò mi. Kò sí ohun tí ẹni yẹn ń ṣe kíákíá láyé yìí àfi kó sùn. Òpó iná ló ń gùn jẹun. Mo máa ń sọ fún un pé àdúgbò tí wọ́n bá rán an lọ tún iná ṣe, kí àwọn ará ibẹ̀ kúkú ra àbẹ́là. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Àǹtí, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ọdún yìí ni kíndìnrín Bàbá méjèèjì daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù, bó bá sì ti ibẹ̀ dé, kì í lè di fáìlì mú títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Dókítà pè wá, ó ní ọkàn rẹ̀ kò ní lè fara da ẹ̀rọ náà pẹ́ mọ́, àfi kí ẹnìkan fún un ní kíndìnrín kan. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò. Ti Màmá kò bá tirẹ̀ mu. Tèmi bá a mu, ti Jẹ́jẹ́ náà sì bá a mu.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní èmi ni màá fún un. Jẹ́jẹ́ ní òun ni. Mo ní ṣé ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tó ń fi okùn so ìbàdí mọ́ òpó lójoojúmọ́, ni wọ́n máa là níkùn? Ó ní ṣé èmi tí mi ò tíì bímọ kankan ni wọ́n máa là? Mo ní kó má fi ìyẹn bú mi. Ó ní òun kò bú mi. A jà á lórí fóònù, a jà á níwájú dókítà, títí dókítà fi ní kí a máa lọ sílé. Ó ní aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ẹni tí òun yóò gba kíndìnrín lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn kò ní gbà á lẹ́nu ìyàwó tàbí ọmọ. Nọ́ọ̀sì tó ń to orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún yóò wà nídìí fóònù títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá gbọ́ orúkọ, ẹlòmíì ni wọn yóò fún ní àyè Bàbá, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá yóò wà láàyè dìgbà tí àyè mìíràn bá yọ.

Bàbá kò pe orúkọ kankan. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, Bàbá yóò ní òǹgbẹ ń gbẹ òun, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé dókítà ti ṣòfin omi fún òun. Mo gbọ́ ọ tó ń bi Màmá nínú yàrá pé nínú ìka ọwọ́ òun, èwo ló fẹ́ kí òun ní kí wọ́n gé.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, gbogbo wa péjọ sí ṣọ́ọ̀bù. Màmá gbé fóònù sórí tábìlì iṣẹ́, láàárín ẹ̀mú àti agolo ọ̀dà, ó sì jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ wàrà lórí iná. "Bàbá wọn," ó ní, "ọjọ́ ń lọ o."

"Mo rí i," ni Bàbá wí. "Ẹ jẹ́ ká gbé nọ́ńbà kọ́."

Màmá kọjú sí i. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lẹ fẹ́ fi ṣeré ọmọdé?"

"Báyìí ni mo ṣe tọ́ wọn. Ẹni tó bá rí i, orúkọ rẹ̀ ni màá pè fún nọ́ọ̀sì."

"Ẹ ò ní yẹ̀ ẹ́?"

"Ìgbà wo lo rí mi tí mo yẹ nọ́ńbà?" Ó fọwọ́ nu ojú. "Ṣùgbọ́n bí kò bá sẹ́ni tó rí i kí aago márùn-ún tó lù, kí ẹ jẹ́ kí n máa bá ẹ̀rọ mi lọ. Kí ẹnikẹ́ni má dà mí láàmú mọ́."

Màmá wò mí. Ó mọ̀ pé èmi ni mo máa ń rí i, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Ìgbéraga mi kò jẹ́ kí n gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn yẹn dáadáa. "A gbà, Bàbá," ni mo wí, láì tilẹ̀ bi Jẹ́jẹ́ bóyá òun náà gbà.

Bàbá dìde. Ọwọ́ rẹ̀ ti wú, ó sì ń fi ara ti tábìlì rìn. Ó ṣa àwọn nọ́ńbà náà nínú àpótí, ó pẹ́ lórí wọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì gbé wọn kọ́: mẹ́ta, mẹ́fà, mẹ́fà mìíràn, mẹ́sàn-án. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ àádọ́ta sábẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà ó padà jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orókún.

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Àádọ́ta kì í ṣe nọ́ńbà tó burú. Mẹ́fà lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta, mẹ́rin péré ló kù kí n yọ, mo sì ní mẹ́fà àti mẹ́ta lọ́wọ́ tí màá fi yọ ọ́. Mẹ́fà àti mẹ́ta, mẹ́sàn-án. Mẹ́fà yọ mẹ́ta, mẹ́ta. Kò bọ́ sí i. Mo fi ìyẹn sílẹ̀. Mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà, mẹ́rìndínlógójì, ó ku mẹ́rìnlá. Mẹ́sàn-án àti mẹ́ta, méjìlá. Mo tún fi ìyẹn náà sílẹ̀. Mo yọ, mo fi kún, mo sọ di ìlọ́po, mo tún padà sí ti àkọ́kọ́ bóyá mo fo nǹkan kan.

Jẹ́jẹ́ ń fi ìka ka nǹkan lórí itan rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Mi ò fẹ́ wò ó. Nínú gbogbo ìgbà tí a fi ń ṣe eré yìí, ẹ̀rù rẹ̀ kò bà mí rí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà bó bá ti mí sókè, àyà mi á já. Mo ń rí ìyàwó rẹ̀ lójú ọkàn mi, ó gbé ọmọ jòjòló sọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Bí Jẹ́jẹ́ bá borí mi nínú èyí, mi ò ní dárí jì í láéláé.

"Mo rí i," ni Jẹ́jẹ́ wí.

Màmá dìde dúró.

"Mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà, mẹ́rìndínlógójì," ó ní, ó ń na ìka rẹ̀ sí ògiri. "Ẹ fi mẹ́sàn-án kún un, márùndínláàádọ́ta. Ẹ wá fi mẹ́ta kún un..." Ó dákẹ́. Ó tún un kà. "Méjìdínláàádọ́ta ni."

"Ó ku méjì," ni Bàbá wí.

Màmá jókòó padà. Ó wo aago ara ògiri, ó wo èmi, bí ìgbà tí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè. "Abẹ́rẹ́, kí ló ń ṣe ẹ́ lónìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ jẹ́ kí n ronú."

Mo rí mọ́kànléláàádọ́ta. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo kí n tó rí i pé ọ̀kan ti lé. Mo rí márùndínláàádọ́ta lọ́nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì rí mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Oòrùn ti kúrò lára tábìlì, ó ti dé ibi ilẹ̀kùn. Inú ń bí mi sí ara mi. Kí ni mo wá ń fi orí yìí ṣe, bí kò bá lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí mo nílò rẹ̀?

Jẹ́jẹ́ na ọrùn sí ògiri. "Bàbá, mẹ́fà tó wà láàárín yẹn, ó dà bíi pé ẹ gbé e kọ́ sódì. Ṣé kì í ṣe mẹ́sàn-án ni?"

"Èyí tó bá wù ẹ́ ni kó o pè é," ni Bàbá wí.

Mo gbójú sókè. Bàbá wa rèé o, ẹni tó máa ń da nọ́ńbà tó ti kùn tán nù nítorí pé ìdí rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Ìgbà kan tí mo gbàgbé mẹ́ta kan péré nínú ìdáhùn mi, ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi jẹ́ kí n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Òun ló wá ń sọ pé èyí tó bá wu ènìyàn. Ara fu mí. Ojú lọ̀rọ̀ wà, mo wá wo ojú rẹ̀ dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti jókòó. Bí a bá ń ṣe eré yìí, ẹnu wa ló máa ń wò, ètè tirẹ̀ náà á máa mì bó ṣe ń bá wa kà á, á sì máa dùn mọ́ ọn bíi tiwa. Lọ́jọ́ náà, aago ló ń wò.

Mo fi àádọ́ta sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ohun tí mo ti rí láti ọ̀sán: márùndínláàádọ́ta, méjìdínláàádọ́ta, mọ́kànléláàádọ́ta, mẹ́rìnléláàádọ́ta, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń fò. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, orí páálí kéékèèké ni wọ́n máa ń rán bọ́tìnnì mọ́ kó tó dé ọwọ́ wa, mẹ́ta lórí páálí kan. Èèyàn lè kó páálí jọ, ó lè mú páálí kúrò, ó lè kó ìlọ́po wọn wá láti ọjà. Bí kò bá ṣáà ti já páálí kankan sí méjì, iye bọ́tìnnì rẹ̀ kò lè jẹ́ àádọ́ta láé. Méjì á kù tàbí ọ̀kan á lé. Gbogbo nọ́ńbà tó wà lára ògiri yẹn ni páálí odindi. Mẹ́ta, páálí kan. Mẹ́fà, páálí méjì. Bí Jẹ́jẹ́ tilẹ̀ dojú mẹ́fà kodò kó di mẹ́sàn-án, páálí mẹ́ta ni, kò sí ohun tó yí padà. Àwa sì rèé, a kì í pín.

Bàbá mọ̀. Ó ti mọ̀ kó tó fọwọ́ kan àpótí nọ́ńbà rẹ̀. Kò fẹ́ gba ti èmi, kò fẹ́ gba ti Jẹ́jẹ́, kò sì ní agbára tí yóò fi bá ìyàwó rẹ̀ jà. Ló bá gbé ikú ara rẹ̀ kọ́ sára ìṣó, ó ní ká máa ṣírò rẹ̀ títí ọ́fíìsì nọ́ọ̀sì yóò fi ti ilẹ̀kùn.

Inú bí mi. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì fẹ́ fa nọ́ńbà wọ̀nyẹn já lulẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá pariwo pé kò ṣeé ṣe, kí ni mo jèrè? Yóò ní ẹni tó bá rí i lòun wí, kò sì sẹ́ni tó rí i. Màmá á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Jẹ́jẹ́ á ní kí Bàbá gbé òmíràn kọ́, ẹnu ọ̀rọ̀ náà la ó sì wà tí aago yóò fi lù. Ọwọ́ aago kò sì ní pẹ́ dé márùn-ún mọ́. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

Mo dìde. "Bàbá, mo ti rí i."

Ó yí ojú kúrò lára aago.

"Mẹ́fà lọ́nà mẹ́sàn-án, mẹ́rìnléláàádọ́ta," ni mo wí. Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. "Ẹ yọ mẹ́fà kejì kúrò. Ẹ fi mẹ́ta kún un. Àádọ́ta."

Màmá gbá fóònù mú. Ìka Jẹ́jẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí itan rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, mo sì ń gbàdúrà nínú mi pé kí Ọlọ́run jẹ́ kó pẹ́ bó ṣe máa ń pẹ́.

"Àǹtí," ó ní, "mẹ́rìnléláàádọ́ta yọ mẹ́fà, méjìdínláàádọ́ta. Ẹ fi mẹ́ta kún un. Ọ̀kan ti lé."

"Kò lé."

"Ó lé, Àǹtí. Ẹ tún un kà."

"Ṣé ìwọ ni adájọ́ ni?" Mi ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bàbá ni mo ń wò. "Bàbá, ẹnu yín la ti máa ń gbọ́ ọ. Ṣé ó pé, àbí kò pé? Bí kò bá pé, kò burú. Ẹ fi èyí tó pé hàn wá, bí ẹ ṣe máa ń ṣe."

Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé mo ti mọ̀. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ̀ ọ́ lára. Ó wo ògiri, ó wo àwọn irin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé. Ọkùnrin tí kò yẹ nọ́ńbà rí. Ó ní láti jẹ́wọ́ lójú ìyàwó rẹ̀ pé òun gbé ohun tí kò sí kọ́ fún àwọn ọmọ òun, tàbí kó pe irọ́ mi ní òótọ́. Mi ò gbójú kúrò. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò sọ òótọ́, torí òótọ́ ló mọ̀ ọ́n sọ jù.

"Bàbá wọn," ni Màmá wí, "ṣé ó pé?"

"Ó pé," ni Bàbá wí.

"Bàbá, kò pé o," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹ wò ó, mẹ́fà lọ́nà—"

"Mo ní ó pé."

Jẹ́jẹ́ wo èmi, ó wo Bàbá, ó tún wo ògiri, mi ò sì mọ iye tó yé e. Ṣùgbọ́n mo rí èjìká rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀, bí èjìká ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ó ti fẹ́ fún un tọkàntọkàn, ẹ̀rù sì ti ń bà á tọkàntọkàn. Mi ò bínú sí i. Mo fọwọ́ kàn án lórí.

Màmá ti ń tẹ fóònù. Ó dìde lọ sí ẹnu ọ̀nà kó lè gbọ́ dáadáa, ó sì ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má tíì gbé e sílẹ̀. Mo lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá.

"Irọ́ lo pa," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀."

Ètè rẹ̀ gbọ̀n. Mo rò pé ẹ̀rín ni, àfi ìgbà tí mo rí omi lójú rẹ̀. "Torí tìẹ ni ẹ̀rù ṣe ń bà mí, Abẹ́rẹ́. Mo ti pẹ́ láyé. Bí wọ́n bá là ọ́ tí o ò jí, kí ni màá fi kíndìnrín ṣe?"

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà."

"Kí ló dé tó o wá ń fi tipátipá ṣe é?"

"Torí mi ò fẹ́ kí ẹ kú."

Kò sẹ́ni tó ti pe ikú nínú ilé yẹn láti ọjọ́ tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la ti ń fi ẹ̀sọ̀ rìn yí i ká. Bàbá gbé ọwọ́ rẹ̀ tó wú lé ọrùn mi, ó sì sunkún lójú mi, kò sì gbìyànjú láti fi pamọ́.

Màmá padà wọlé. "Nọ́ọ̀sì ló wà lórí rẹ̀," ó ní. "Ó ní ọwọ́ òun ti wà lára ilẹ̀kùn. Ó ní ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́ fún òun." Ó na fóònù sí i, kò sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé yóò gbà á.

Bàbá nu ojú rẹ̀. Ó gba fóònù, ó gbé e sétí, ó kí nọ́ọ̀sì dáadáa bó ṣe máa ń kí gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn náà ó pe orúkọ mi, orúkọ tí wọ́n sọ mí, pẹ̀lú orúkọ bàbá tó bí òun, tí gbogbo wa ń jẹ́. Nọ́ọ̀sì kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó tún un pè lẹ́ẹ̀kejì, ó rọra ń kà á fún un kó lè kọ ọ́ sílẹ̀.